Àgùntàn ń rù, abẹ́ àgbọ̀n ń wú: ewé wo ló ń ṣiṣẹ́ fún aràn?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o dókítà. Ìtòsí Ìsẹ́yìn ni mo wà, àgùntàn mẹ́rìndínlógún ni mo ní, méjì ti kú báyìí. Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń rù, ẹyọ kan tún wà tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú. Mo ra oògùn aràn lọ́jà, mo fún gbogbo wọn, mi ò rí ìyàtọ̀, owó ẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n se ewé dóńgóyárò pọ̀ mọ́ ewé tábà, kí n bu kọ́pà sọ́fétì díẹ̀ sí i, kí n máa rọ ọ́ fún wọn láràárọ̀. Ṣé ó dáa? Ewé wo lẹ̀yin mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gan-an? Mo fẹ́ ta àgbò méjì nígbà Iléyá."

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àdánù àwọn méjì yẹn. Kí n tó sọ̀rọ̀ ewé kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ nǹkan tí ọ̀rẹ́ yín sọ yẹn fún ẹran kankan, tí ẹ bá ti pò ó pàápàá ẹ dà á síbi tí ẹran ò lè dé. Kọ́pà sọ́fétì, òkúta búlúù tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń pò wọ́n sígi kòkó yẹn, ọ̀tá àgùntàn ni. Màlúù lè fara dà á díẹ̀, ewúrẹ́ náà sàn jù ú lọ, àmọ́ ẹ̀dọ̀ àgùntàn kì í lè da kọ́pà nù bó ṣe yẹ, ńṣe ló máa ń kó o jọ. Ẹ lè máa fún un fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó dà bíi pé kò sí nǹkan, ọjọ́ kan ṣàdédé ẹ̀dọ̀ á tú gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìtọ̀ á pọ́n dúdú, inú ojú àti ẹnu á yí sí yẹ́lò, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ó ti kú. Tábà náà nìyẹn, nicotine inú ẹ̀ ò mọ aràn yàtọ̀ sí àgùntàn.

Ọ̀rẹ́ yín ò kàn hùmọ̀ rẹ̀ o, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Àwọn òyìnbó tó ń sin àgùntàn láyé àtijọ́ lò ó dáadáa, tábà pọ̀ mọ́ kọ́pà, ní Amẹ́ríkà àti South Africa, kí oògùn tó ń jẹ́ thiabendazole tó jáde ní 1961. Ó ń pa aràn, ó sì ń pa àgùntàn náà, ìdí tí wọ́n fi sá kúrò nídìí ẹ̀ nìyẹn nígbà tí wọ́n rí èyí tó sàn jù.

Ó yá, aràn wo ló ń bá yín jà? Mi ò rí ẹran yín o, àmọ́ òjò tó bẹ̀rẹ̀, rírù, abẹ́ àgbọ̀n tó wú, tí ẹ ò sì sọ pé wọ́n ń ṣu omi, Haemonchus lọkàn mi lọ bá tààrà. Gbogbo wa là ń pè é ní aràn inú ìfun, àmọ́ inú ìfun kọ́ ló ń gbé, ikùn kẹrin ló wà, èyí tó wà lẹ́yìn ṣàkì. Kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń mu. Ẹyọ kan lè fa ẹ̀jẹ̀ tó bíi 0.05 mílílítà lójúmọ́, ẹ ó ní kí ló wà níbẹ̀, àmọ́ tí ẹgbẹ̀rún kan bá wà nínú àgùntàn kan, 50 mílílítà lójúmọ́ nìyẹn, àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa tó wọn kílò 25, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ ò tó lítà méjì. Abo aràn yìí ẹyọ kan ń yé ẹyin 5,000 sí 10,000 lójúmọ́. Ẹyin bá ìgbẹ́ jáde, òjò rọ̀ sí i, oòrùn là sí i, bí ọ̀sẹ̀ kan báyìí ó ti di ọmọ aràn tó ń gun koríko, àgùntàn jẹ koríko yẹn, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i òun náà ti ń yé tiẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí tó bá fi máa di oṣù kẹfà.

Abẹ́ àgbọ̀n tó wú yẹn, omi ni. Tí aràn bá ti fa ẹ̀jẹ̀ débi pé purotéènì inú ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, omi á máa jò jáde kúrò nínú iṣan, á wá rọ́ síbi tó rẹlẹ̀ jù nígbà tí ẹran bá doríkodò láti jẹko. Ẹ ṣọ́ ọ, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wú jù, tó bá sùn mọ́jú á fà díẹ̀. Aràn ẹ̀dọ̀ náà lè fa irú wíwú yìí o, èyí tí ìgbín inú omi máa ń gbé kiri, torí náà tí ẹ bá ń dà wọ́n lọ sí etí odò tàbí àkùrọ̀, ẹ má gbàgbé láti sọ ọ́ fún dókítà ẹran.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́la, kí ẹ tó já ewé kankan, ojú ni kí ẹ wò. Ẹ mú wọn síta gbangba níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ má fi tọ́ọ̀ṣì wò ó nínú ilé. Kí ẹnìkan di ẹran mú. Ẹ fi àtàǹpàkò kan ti ìpéǹpéjú òkè sílẹ̀ títí tó fi bo ojú, ẹ tẹ ẹyinjú wọlé díẹ̀, jẹ́jẹ́ o, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò kejì fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ara inú ìpéǹpéjú yẹn á yọ jáde fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ibẹ̀ lẹ máa wò, ẹ má wo funfun ẹyinjú. Tó bá pupa tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá ti ń funfun, tàbí tó funfun báláú, ìyẹn ò ní dúró de ewé, oògùn ló máa gbà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n ní káàdì tí wọ́n ṣe fún un ní South Africa, FAMACHA ni wọ́n ń pè é, àwọ̀ márùn-ún ló wà lórí ẹ̀ láti pupa dé funfun, dókítà ẹran tó bá ní in lè kọ́ yín láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ní àsìkò òjò báyìí ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni kí ẹ máa wò ó, kẹ́ ẹ sì fojú sí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, àwọn ni aràn ń rí mú jù.

Ẹ ó rí i pé kì í ṣe gbogbo mẹ́rìnlá ló máa funfun. Bó ṣe máa ń rí lágbo ẹran nìyẹn, díẹ̀ nínú wọn ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú aràn náà. Torí náà àwọn díẹ̀ yẹn nìkan lẹ máa ra oògùn fún, owó yín á dín, aràn náà ò sì ní tètè mọ́ oògùn lára, torí àwọn aràn tí ò tíì rí oògùn rí ṣì wà nínú àwọn yòókù láti máa dà pọ̀ mọ́ àwọn tó bá yè é.

Ẹ ní oògùn tí ẹ rà ò ṣiṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú, ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ nínú oòrùn lórí tábìlì ọjà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé aràn tiyín ni oògùn yẹn ò ràn mọ́. Èyí tí mo máa ń bá pàdé jù ni pé oògùn ò pọ̀ tó. Ẹnìkan á pín bólọ́ọ̀sì, oògùn aràn oníhóró yẹn, ẹyọ kan fún ẹran mẹ́ta kó lè kárí, tàbí kó lo oògùn aràn ọmọ ènìyàn, aràn á kàn tọ́ ọ wò ni, àwọn tó yè á máa bí irú ara wọn. Ẹ wọn ẹran náà. Tí ẹ ò ní ìwọ̀n, ẹ gbé e, kẹ́ ẹ jọ dúró lórí ìwọ̀n àwọn tó ń ra kòkó tàbí ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, kẹ́ ẹ wá yọ kílò tiyín kúrò. Tẹ́ ẹ bá ti lo albendazole tẹ́lẹ̀ tí ò ran, ẹ ní kí dókítà fún yín ní ìdílé oògùn mìíràn, bíi levamisole tàbí ivermectin, ẹ má kàn pààrọ̀ páálí lásán torí orúkọ ara páálí lè yàtọ̀ kó jẹ́ oògùn kan náà ló wà nínú ẹ̀. Ẹ má sì fún aboyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún ní albendazole o, oyún tí ò tíì pé bí oṣù kan, ó lè ba ọmọ inú jẹ́.

Wàyí o, ewé.

Mo mọ̀ pé ewé lẹ béèrè, mo sì ti ń fi oògùn yọ yín lẹ́nu. Mi ò kí ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó máa ń yọ ṣùtì sí àgbo. Ilé ìwé gíga tiwa gan-an ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, láàárín 2004 sí 2007, wọ́n dán èèpo ọ̀gànwó, ewé ìyeyè, ewé egbèsì àti ewé kan tó ń jẹ́ ewé aràn wò lórí aràn inú àgùntàn, nínú láàbù àti lára àgùntàn tó wà láàyè, wọ́n rí i pé wọ́n ń dín aràn kù. Ní orílẹ̀-èdè Benin lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń pe àgùntàn wa yìí ní Djallonké, wọ́n ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí orin àtà, akòko àti orúwo, ọwọ́ àwọn olùsin ẹran ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ ewé wọ̀nyẹn kí wọ́n tó gbé e wọ láàbù, èsì tó jáde sì dáa. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ewé ń ṣe aràn ò parọ́.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ohun tí wọ́n fún àwọn àgùntàn yẹn ní Ìbàdàn kì í ṣe omi ewé tí wọ́n bọ̀ nínú ìkòkò. Wọ́n gbẹ ewé, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi ọtí líle fa oje ẹ̀ jáde, wọ́n gbẹ oje yẹn di ògidì, wọ́n wá fi gíráàmù wọ̀n ọ́n sí kílò ara ẹran. Ìkúnwọ́ ewé tí èmi pẹ̀lú yín bá já, ta ló mọ iye agbára tó wà nínú ẹ̀? Èyí tí a já lẹ́ẹ̀rùn àti èyí tí a já lójò ò dọ́gba. Ewé aràn ní tiẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án fún àgùntàn nílé, májèlé wà nínú ẹ̀ tó le, iye tó ń pa aràn àti iye tó ń pa ẹran sún mọ́ra jù.

Ìbẹ́pẹ ńkọ́? Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé kóró ìbẹ́pẹ. Ní 2009, ní Arkansas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n dán ìbẹ́pẹ àti aáyù wò lára ọ̀dọ́ àgùntàn àti ewúrẹ́, aràn ò mira. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, àwọn olùwádìí mìíràn fún àgùntàn tó ní Haemonchus ní oje funfun tó ń jáde lára ìbẹ́pẹ tútù, ìyẹn ṣiṣẹ́ gan-an, torí énsáìmù wà nínú oje yẹn tó ń jẹ awọ ara aràn títí aràn á fi bẹ́. Igi kan náà, ibì kan ṣiṣẹ́, ibì kan ò ṣiṣẹ́. Àmọ́ kí ẹ tó gbé ọ̀bẹ lọ sídìí ìbẹ́pẹ, oje yẹn ń jó ara, ẹni tó bá ti kán sí lọ́wọ́ rí mọ̀, àwọn tó lò ó sì wọ̀n ọ́n dáadáa. Tí àgùntàn yín bá fẹ́ jẹ ewé ìbẹ́pẹ, ẹ jẹ́ ó jẹ, mi ò lòdì. Ẹ má rọ oje fún un.

Dóńgóyárò tí ọ̀rẹ́ yín gbójú lé, Brazil ti fi ewé ẹ̀ gbígbẹ bọ́ àgùntàn, ẹyin aràn inú ìgbẹ́ wọn ò dín. Ó dáa fún kòkòrò ara, ó dáa fún ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ kó sí àká, àmọ́ ti aràn inú àgùntàn, mi ò gbà á gbọ́.

Ewúro ni mo fẹ́ràn ìtàn ẹ̀ jù. Ní igbó Mahale ní Tanzania, àwọn olùwádìí rí ìnàkí tó ń ṣàìsàn ní 1987, ó lọ bá ewúro, ó bó èèpo ẹ̀ka ẹ̀, ó ń jẹ omi kíkorò inú ẹ̀, kò sí ẹni tó kọ́ ọ, ara ẹ̀ sì yá lẹ́yìn náà. Àwọn ìnàkí tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, aràn ìfun ló sábà máa ń wà lára wọn. Nínú láàbù, àwọn ìwádìí kan ní oje ewúro ń da ẹyin aràn láàmú, àwọn mìíràn ò rí i bẹ́ẹ̀. Lára àgùntàn fúnra ẹ̀, mi ò ní fi ewúro nìkan gba ẹran tójú ẹ̀ ti funfun là. Àmọ́ ewúro kì í pa àgùntàn, ẹ sì ní in lẹ́yìnkùlé, ẹ so ìdì kan kọ́ sí ilé wọn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, èyí tó bá wù ú á jẹ ẹ́.

Ẹ ò rí i pé mo ní "ẹ so ó kọ́", mi ò ní "ẹ bọ̀ ọ́"? Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, ewé gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ máa ń ṣe àgùntàn lóore ju ewé gẹ́gẹ́ bí àgbo lọ. Ẹ gbọ́ ìdí. Ọmọ aràn ń gun koríko ni, kò lè gun igi. Ibi tó sì pọ̀ sí jù ni ìsàlẹ̀ koríko, bí ìka mẹ́ta mẹ́rin sí ilẹ̀, ìrì òwúrọ̀ ló sì fi ń rìn gòkè. Gbogbo ẹnu tí àgùntàn bá fi jẹ ewé igi, ẹnu tí kò fi gbé aràn mì nìyẹn. Èkejì, purotéènì. Àgùntàn tó yó, tí purotéènì ń wọ ara ẹ̀, ara ẹ̀ ló ń bá aràn jà fúnra ẹ̀, á sì tún máa dá ẹ̀jẹ̀ padà. Èyí tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan látàárọ̀ dalẹ́, ikùn ẹ̀ kún, purotéènì ò sí níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni tánìnì, nǹkan tó máa ń mú ẹnu súnkì nínú àwọn ewé kan, ó ń dí aràn lọ́wọ́ láti yé ẹyin dáadáa. Ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà koríko kan wà tó kún fún un, sericea lespedeza, wọ́n ń gbẹ ẹ́ fún àgùntàn àti ewúrẹ́ nítorí Haemonchus yìí gan-an, ìwádìí lórí ẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àgbo lọ.

Tiwa ńkọ́? Igi àgúnmánìyé wà, igi tí wọ́n ń pè ní Leucaena náà wà. Láwọn ọdún 1980, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA àti ilé ìwádìí ohun ọ̀sìn ILCA ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn níbí láti gbin méjèèjì sáàárín poro oko, kí wọ́n máa gé e fún àgùntàn àti ewúrẹ́, àwọn igi míì tí wọ́n gbìn nígbà yẹn ṣì wà káàkiri tí àwọn èèyàn fi ń ṣe ọgbà láìmọ̀ pé oúnjẹ ẹran ni. Ẹ gé e láàárọ̀, ẹ jẹ́ kó rọ títí di ọ̀sán kí òórùn ẹ̀ lọ, torí àgùntàn tí ò jẹ àgúnmánìyé rí máa ń kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Leucaena ẹ má jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ wọn lọ, tó bá pọ̀ jù irun wọn á máa re. Ewé ẹ̀gẹ́ náà dáa púpọ̀, ó ní purotéènì ó sì ní tánìnì, àmọ́ ẹ sá a lóòrùn fún ọjọ́ méjì mẹ́ta títí á fi gbẹ, tútù ẹ̀ ń pa ẹran, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdán, ọ̀pọ̀tọ́, ewé ìyeyè tí Ìbàdàn dán wò yẹn, gbogbo ẹ̀ ni àgùntàn ń jẹ, ẹ máa pààrọ̀ wọn.

Kẹ́ ẹ wá so ó kọ́ o, ẹ má dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́ lórí ìgbẹ́ ara wọn a ò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ má tú wọn síta kí ìrì tó gbẹ. Ìgbẹ́ tí ẹ bá gbá, ẹ kó o jọ pelemọ síbì kan kí ó gbóná kó jẹrà kẹ́ ẹ tó kó o lọ sóko, ooru yẹn á pa ẹyin inú ẹ̀.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ rọ nǹkan fún wọn, ìbáà jẹ́ oògùn dókítà ìbáà jẹ́ omi ewúro, ẹ jọ̀ọ́ ọwọ́ tí ẹ fi ń rọ ọ́ ṣe pàtàkì. Mo ti rí àgùntàn tí àgbo pa tó jẹ́ pé àgbo yẹn ò ní májèlé kankan, inú fùkù ló lọ. Ẹ má gbé orí ẹ̀ sókè sí sánmà, ẹ jẹ́ kí imú àti ojú wà ní déédéé. Ẹ ti ìka bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu níbi tí eyín ò sí, ẹ fi sìríńjì tí ò ní abẹ́rẹ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́ yẹn lọ sórí ahọ́n, ẹ tì í díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró kó gbé e mì. Tó bá wúkọ́, ẹ fi orí ẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ lè gbà mọ̀ bóyá nǹkan tí ẹ lò ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ ewé tàbí oògùn, ni kíka ẹyin inú ìgbẹ́. Kì í ṣe aràn tó jáde tí ẹ rí, torí Haemonchus kì í sábà jáde kẹ́ ẹ fojú rí i, èyí funfun pẹlẹbẹ bíi hóró ìrẹsì tí àwọn èèyàn ń rí tí wọ́n ń yọ̀ pé àgbo ti ṣiṣẹ́, aràn mìíràn nìyẹn, kì í fi bẹ́ẹ̀ pa àgbàlagbà àgùntàn. Ẹ wọ ọ̀rá mọ́wọ́, ẹ gba ìgbẹ́ látinú ìdí ẹran fúnra ẹ̀, ẹ kọ orúkọ tàbí àmì ẹran sára ọ̀rá, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó dì í, ẹ fi sínú kúlà tó ní yìnyín díẹ̀, kó sì dé láàbù lọ́jọ́ yẹn gan-an kí ẹyin má bàa di ọmọ aràn. Ilé ìwòsàn ẹran Yunifásítì Ìbàdàn ló sún mọ́ yín, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, náà ní in. Ẹ ṣe é ṣáájú, ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn tí ẹ lo nǹkan.

Àwọn àgbò Iléyá yín: tí ojú wọn bá pupa, ẹ má fún wọn ní oògùn kankan, ewé àti oúnjẹ gidi ni kí ẹ fi tì wọ́n, kẹ́ ẹ yọ wọ́n kúrò nínú àwọn tó ń lọ pápá. Tí ojú ọ̀kan bá funfun ẹ tọ́jú ẹ̀ nísinsìnyí, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kù, torí gbogbo oògùn yìí ló ní iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó pa ẹran náà jẹ, ó wà lára páálí, ivermectin alábẹ́rẹ́ máa ń pẹ́ nínú ara. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fún un sílẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á. Èsì láàbù tó bá dé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ti ṣáájú àti ti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò páálí oògùn àkọ́kọ́ yẹn mọ́ ọn tí ẹ ò bá tíì sọ ọ́ nù, ibẹ̀ ni mo máa ti mọ èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ rà mọ́.